EDI fún ẹni tó ń ra ọjà ilé iṣẹ́ l'Ékìtì: ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, àti ohun tí ẹ ó fi sílẹ̀ ná

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń ra ọjà fún ilé iṣẹ́. Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gbọ́ EDI (Electronic Data Interchange, kí kọ̀ǹpútà máa fi ìwé òwò ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà) lẹ́nu ọ̀gá yín, pàápàá tí kọ́ńpìnnì ńlá kan l'Ékòó bá ti ní àwọn ò gba ínfọ́ìsì orí pépà mọ́, tí ọ̀gá wá ní kí ẹ lọ wá nǹkan ṣe sí i, tí gbogbo ọ́fíìsì sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá sọ́fíwíà kiri. Ẹ fi sọ́fíwíà sílẹ̀ ná jàre. Iṣẹ́ tó wà ńbẹ̀ gan-an ni orúkọ ọjà, òṣùwọ̀n ọjà, àti àdéhùn láàárín ẹ̀yin àti ẹni tó ń kó ọjà fún yín. Tí mẹ́ta yìí bá ti dúró, ti kọ̀ǹpútà ò ṣòro. Tí wọn ò bá dúró, ẹ kàn máa fi owó yín ra ìjà tó yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni.

Kí ni EDI yìí? Ọ́dà tó kúrò nínú kọ̀ǹpútà yín tó wọ inú kọ̀ǹpútà sọ́pláyà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tún un tẹ̀, òun nìyẹn. Ínfọ́ìsì náà á gba ọ̀nà kan náà padà wá. PDF tí ẹ fi ránṣẹ́ nínú ímeèlì kì í ṣe EDI, torí ọmọ ọ́fíìsì kan ló máa ṣí i lọ́hùn-ún, á máa wò ó, á máa tẹ̀ ẹ́, ibẹ̀ ni 500 ti ń di 5,000. Ti WhatsApp ò tiẹ̀ ṣeé sọ.

Kì í ṣe nǹkan tuntun o. Ní 1948 sí 1949, nígbà tí wọ́n dí gbogbo ọ̀nà tó wọ ìwọ̀ oòrùn Berlin pa, tó jẹ́ pé bàálúù ni Amẹ́ríkà àti Ìlú Ọba fi ń kó oúnjẹ àti èédú wọlé, ṣọ́jà Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Edward Guilbert wà lára àwọn tó ṣe é kí gbogbo ìwé ẹrù rí bákan náà, kó ṣeé kà látorí tẹ́lẹ́ẹ̀sì tàbí rédíò láìsí àríyànjiyàn. Òun náà wà lára àwọn tó wá gbé e wọ inú òwò lẹ́yìn náà. Nígbà tó di 1979 Amẹ́ríkà gbé ìgbìmọ̀ X12 kalẹ̀ láti ṣe ìlànà EDI tiwọn, nígbà tó di 1987 ìlànà ti United Nations tí wọ́n ń pè ní EDIFACT náà jáde. Ẹ rí i pé ètò ìwé ló ṣáájú, kọ̀ǹpútà ló wá bá a.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí gbóná nílẹ̀ wa báyìí ni ti owó orí. FIRS, àjọ tó ń gba owó orí fún ìjọba àpapọ̀, tó ti di NRS báyìí, gbé ètò ínfọ́ìsì orí kọ̀ǹpútà jáde, àwọn kọ́ńpìnnì tí owó tó ń wọlé fún wọn lọ́dún tó ₦5 bílíọ̀nù ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, láti oṣù kẹjọ 2025, wọ́n sì ní àwọn tó kéré máa tẹ̀lé e. Ínfọ́ìsì tó bá gba ibẹ̀ kọjá máa ń ní nọ́ńbà tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní IRN. Ìyẹn nìkan kọ́ ni EDI o, torí ínfọ́ìsì ló kàn, kò kan ọ́dà, kò kan wéébíìlì. Àmọ́ ẹni tí lísìtì ọjà rẹ̀ bá ti mọ́ fún ọ̀kan, ìdajì iṣẹ́ èkejì ti tán fún un.

Ẹ kọ́kọ́ tún orúkọ ọjà ṣe

Ibí ni mo fẹ́ ká pẹ́ sí. Ẹ ṣí lísìtì ọjà tó wà ní sítóò yín, ẹ wo bẹ́árìn 6205 nìkan. Ẹ máa rí i pé ẹnì kan kọ ọ́ ní 6205, ẹlòmíì kọ 6205 2RS, ẹlòmíì kọ 6205ZZ, sítóókípà tó ti fẹ̀yìn tì sì kọ "bẹ́árìn mọ́tò kékeré, ti ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́". Gbogbo wọn, ihò inú wọn 25 mm ni, ìta 52 mm, fífẹ̀ 15 mm, àmọ́ 2RS ní rọ́bà tó bo ojú rẹ̀ méjèèjì, ZZ sì jẹ́ páànù irin. Níbi tí omi ẹ̀gẹ́ ti ń ta sára ẹ̀rọ látàárọ̀ dalẹ́, ẹ mọ èyí tó máa pẹ́ nínú méjèèjì. Tó bá jẹ́ pé ẹ lọ rà á lójúkojú ní Àjílọ́sùn l'Ádó, ẹni tó ń tà á máa bi yín: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé onírọ́bà ni àbí onírin?" Kọ̀ǹpútà ò ní bi yín o. Ohun tí ẹ bá kọ ló máa gbé, bó bá ṣe òdì, òdì náà ló máa dé géètì yín.

Nítorí náà, kóòdù kan fún ọjà kan, kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò gbọdọ̀ dín. Kí ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, ẹni tó wà ní sítóò àti ẹni tó ń ra ọjà jókòó pọ̀ ṣe é, kí wọ́n sì máa gbé ọjà náà lọ́wọ́ wò bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Ẹ má gbé e fún ọmọ IT nìkan. Kò mọ̀ pé bélíìtì A52 àti B52 gùn bákan náà ṣùgbọ́n ti B fẹ̀ jù ú lọ, kì í sì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, a ò gbà á síbẹ̀ torí bélíìtì.

Òṣùwọ̀n ló kàn, òun gan-an ló sì ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Àpò tí a fi ń di ìyẹ̀fun, bẹ́lì kan lọ́dọ̀ sọ́pláyà kan 500 ni, lọ́dọ̀ ẹlòmíì 1,000. Dísẹ́ẹ̀lì, àwọn kan ń kà á ní líítà, àwọn kan ní dúrọ́ọ̀mù, àwọn kan ní kéègì. Ẹ̀gẹ́ ńkọ́? Tí ẹ bá ń ra ẹ̀gẹ́ láti apá Ìkọ̀lé tàbí Òmùò, pikọ́ọ̀pù ni wọ́n fi ń dá owó lé e, èyí tí wọ́n kó gogoro àti èyí tí wọ́n kó dé etí, pikọ́ọ̀pù kan náà ni wọ́n ń pè é. Nínú EDI, òṣùwọ̀n ti ní kóòdù tó wà nílẹ̀ tí United Nations ṣe: KGM ni kílò, TNE ni tọ́ọ̀nù, LTR ni líítà, MTR ni mítà. Pikọ́ọ̀pù ò sí ńbẹ̀. Ẹ lọ ra ìwọ̀n.

Àwọn kan á sọ fún yín pé ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ gba nọ́ńbà GS1. Lóòótọ́, GS1 Nigeria ló ń fún èèyàn ní nọ́ńbà bákóòdù tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 615, ó sì dáa fún ọjà tí ẹ ń tà síta tó máa wọ súpámákẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n fún bẹ́árìn àti àpò tí ẹ ń rà wọlé, kóòdù tiyín àti kóòdù sọ́pláyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú Excel kan, ó ti tó láti bẹ̀rẹ̀.

Ta lẹ ó kọ́kọ́ bá ṣe é?

Ẹ má kọ́kọ́ mú sọ́pláyà tó tóbi jù, torí ìlànà tirẹ̀ ló máa gbé lé yín lórí. Ẹ má sì mú ẹni tí ẹ jẹ lówó; ẹ̀yin á máa sọ EDI, owó rẹ̀ lòun á máa gbọ́. Ẹni tó dáa jù ni ẹni tí ẹ ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ déédéé, tí oríṣi ọjà rẹ̀ ò pọ̀, tó sì ti ń fi sọ́fíwíà ṣe ínfọ́ìsì tẹ́lẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń lọ ẹ̀gẹ́ tàbí tó ń ṣe ìrẹsì níbí, ẹni tó ń ṣe àpò fún wọn n'Íbàdàn tàbí l'Ékòó lonítọ̀hún. Oríṣi àpò ò ju mẹ́ta mẹ́rin lọ, ọ́dà rẹ̀ kì í dáwọ́ dúró.

Ẹ lọ bá a fúnra yín, ẹ má fi ímeèlì bẹ̀rẹ̀. Ẹ sì ti mọ ohun tí ẹ máa sọ tó bá bi yín pé kí lòun máa jẹ nínú ẹ̀, torí ó máa bi yín. Òun náà máa náwó, òun náà máa wá ẹni tó máa bá a ṣe é, kí ló fẹ́ torí ẹ̀ gbà? Èmi ò rí ohun tó ju owó tó tètè jáde lọ. Ẹ sọ fún un pé tí ínfọ́ìsì rẹ̀ bá bá ọ́dà mu, tó bá ohun tó wọ sítóò mu, àwọn ará àkáńtì á san án lọ́jọ́ tí ẹ jọ fi sí i, láìsí pé ọ̀gá ò tíì sáìnì, láìsí pé fáìlì wà lórí tábìlì ẹnì kan. Tí àwọn ará àkáńtì yín ò bá lè ṣe ìyẹn, ẹ dúró, ẹ kọ́kọ́ lọ yanjú tiwọn.

Ìwé mẹ́rin ti tó

EDIFACT ní oríṣi ìwé tó sún mọ́ 200. Mẹ́rin lẹ nílò. ORDERS ni ọ́dà. ORDRSP ni èsì sọ́pláyà sí ọ́dà náà. DESADV ni wéébíìlì tó ń ṣáájú mọ́tò dé. INVOIC ni ínfọ́ìsì. Tó bá jẹ́ X12 ti Amẹ́ríkà ni sọ́pláyà yín ń lò, nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pè wọ́n: 850, 855, 856 àti 810, bí mo ṣe tò wọ́n yẹn.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ́dà kan kó lè yé wa. Bí a ṣe ń kọ ọ́ lórí WhatsApp nìyí: "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ bá wa kó àpò bíi ti ijọ́sí wá, ẹgbẹ̀rún márùn-ún, kó dé Mọ́ńdè tó ń bọ̀ ẹ jọ̀ọ́." Àárín ọ́dà yẹn nínú EDIFACT rèé:

BGM+220+PO-0417+9'
DTM+137:20260302:102'
DTM+2:20260309:102'
LIN+1++SAK-50:IN'
QTY+21:5000:PCE'

Ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù. 220 ń sọ pé ọ́dà ni, PO-0417 ni nọ́ńbà rẹ̀, 9 ń sọ pé òun gan-an ni, kì í ṣe àtúnṣe. 137 ni ọjọ́ tí ẹ kọ ọ́, 2 ni ọjọ́ tí ẹ fẹ́ kó dé, 102 kàn ń sọ pé ọdún ló ṣáájú, oṣù tẹ̀lé e, ọjọ́ ló kẹ́yìn. SAK-50 ni kóòdù tí ẹ̀yin fúnra yín fún àpò 50 kílò, IN ló ń sọ pé kóòdù ẹni tó ń rà ni. 21 ń sọ pé iye tí ẹ ní kí wọ́n kó wá ló tẹ̀lé e, ìyẹn 5000, PCE sì ń sọ pé ẹyọ lẹ fi kà á. "Bíi ti ijọ́sí" ò ní ibi tí ẹ máa kọ ọ́ sí, ìyẹn nìkan ti gbà yín lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn.

Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi ORDERS àti INVOIC bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ní àwọn yòókù ń bọ̀. Èmi ò fara mọ́ ọn. ORDRSP ló ń gba ilé iṣẹ́ là. Ọ́dà tí ẹ fi ránṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò fèsì sí, ìrètí lásán ni. Nílùú tí owó ọjà ń yí padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ibi tí sọ́pláyà ti máa sọ pé "mo gbà, ṣùgbọ́n 3,000 ni mo ní" tàbí "owó ti kúrò níbi tí ẹ fi sí" ṣe pàtàkì ju ibi tí ẹ ti bèèrè lọ, torí òun ló máa jẹ́ kí ẹ tètè wá ẹlòmíì kí ẹ̀rọ tó dúró. Kí ètò yín má gba owó tuntun wọlé fúnra rẹ̀ o. Kó dá a dúró, kó gbé e síwájú èèyàn kan tó lè sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. DESADV lè dúró díẹ̀ tí agbára ò bá gbé e.

Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ máa gbà kọjá

AS2, ìyẹn ìlànà kan tí kọ̀ǹpútà méjì fi ń ránṣẹ́ síra wọn tààrà, ni àwọn ńlá ńlá fẹ́ràn, pàápàá látìgbà tí Walmart, ilé ìtajà ńlá Amẹ́ríkà, ti ní kí àwọn sọ́pláyà òun bọ́ sórí ẹ̀ ní 2002. Ó dáa: ó ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì lásán, ó ń pa ọ̀rọ̀ mọ́, ó sì ń dá ìwé ẹ̀rí padà tí wọ́n ń pè ní MDN, tó sọ pé lóòótọ́ ni mo gbà á. Àléébù rẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà tó ń gbà á gbọ́dọ̀ wà lójúfò tọ̀sán tòru. Ẹ̀yin àti iná BEDC, ẹ mọ bí ẹ ṣe jọ ń gbé e. Ẹ má gbé sáfà sínú ọ́fíìsì tó wà lọ́nà Ìkẹ́rẹ́ kí ẹ wá máa ra dísẹ́ẹ̀lì torí MDN. Ẹ jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn níta, kí kọ̀ǹpútà yín máa lọ kó ọ̀rọ̀ níbẹ̀ nígbà tí iná bá dé. SFTP, ìyẹn ọ̀nà tí a fi ń kó fáìlì sí orí sáfà kan kí ẹlòmíì wá gbé e, náà ń ṣiṣẹ́ báyìí: fáìlì á dúró síbẹ̀ de yín, kò ní bínú.

Ti íntánẹ́ẹ̀tì, ó sàn ju tẹ́lẹ̀ lọ. Láti 2020 tí ìjọba Ékìtì ti dín owó tí àwọn tó ń ri wáyà fáíbà ń san kù láti ₦4,500 sí ₦145, ọ̀nà ti là díẹ̀. Síbẹ̀, síìmù oríṣi méjì ni kí ẹ ní. EDI ò fẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì tó sáré, ọ́dà kan ò tó ìdajì fọ́tò kan.

Tí ẹ bá gba ọwọ́ VAN, ìyẹn àwọn tó dúró láàárín bíi ilé ìfìwéránṣẹ́, ẹ bèèrè bí wọ́n ṣe ń gba owó. Àwọn mìíràn ń ka lẹ́tà tó wà nínú ìwé yín, ẹgbẹ̀rún lẹ́tà kan, owó kan. Kí ẹ sì bèèrè bóyá náírà ni àbí dọ́là kí ẹ tó mú bírò. Nǹkan mìíràn: sátífíkéètì AS2, ìyẹn fáìlì tó ń fi hàn pé ẹ̀yin gan-an lẹ ránṣẹ́, máa ń lọ́jọ́ tó ń kú. Ẹ kọ ọjọ́ yẹn sínú kàlẹ́ńdà ẹni méjì, má ṣe jẹ́ ẹnì kan, torí tẹ́nì kan bá wà ní lífù lọ́jọ́ náà, gbogbo ọ́dà ló máa dúró tí kò sì ní sí ẹni tó mọ ìdí.

Àdéhùn àti ìdánwò

Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀, ojú ìwé méjì tó mẹ́ta ti tó. Kí ó sọ ìgbà tí ọ́dà ti di ọ́dà: ṣé bó ṣe wọ kọ̀ǹpútà wọn ni, àbí ìgbà tí ORDRSP dé? Èmi á ní ORDRSP. Kí ó sọ iye wákàtí tí wọ́n ní láti fèsì, ohun tí ẹ máa ṣe tí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ fún odidi ọjọ́ kan, àti ta ló ń sanwó tí ọ́dà kan náà bá wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù pé kóòtù ò ní gba ìwé orí kọ̀ǹpútà, kó fọkàn balẹ̀, abala 84 nínú òfin ẹ̀rí ti 2011 fàyè gbà á, bí ẹ bá ṣáà ti lè fi hàn pé kọ̀ǹpútà náà ń ṣiṣẹ́ déédéé nígbà yẹn. Ẹ tọ́jú gbogbo fáìlì bó ṣe wọlé, ẹ má tún un tò.

Tó bá kan ìdánwò, ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́ wò. Ẹ fi ọ́dà kan náà ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ fi kóòdù tí kò sí ránṣẹ́. Ẹ fi ínfọ́ìsì tó ju ọ́dà lọ ránṣẹ́, kí ẹ wò ó bóyá á kọjá. Ẹ wo dọ́ọ̀tì àti kọ́mà inú nọ́ńbà dáadáa: tí ẹ bá ń ra ẹ̀yà ẹ̀rọ láti Jámánì, 1.500 lọ́dọ̀ tiwọn lè jẹ́ ẹgbẹ̀rún kan àti ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta, nígbà tó jẹ́ pé lọ́dọ̀ tiwa ó jẹ́ ọ̀kan àtààbọ̀. EDIFACT ní ìlà kan tó ń jẹ́ UNA lókè tó ń sọ èwo lẹ ń lò.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn tó ń ta sọ́fíwíà yìí kì í rántí sọ fún wa. Àwọn lẹ́tà tí wọ́n ń lò jù nínú EDIFACT, UNOA àti UNOC, kò sí ẹ tàbí ọ oníàmì nísàlẹ̀ nínú méjèèjì. Tí ẹ bá kọ àdírẹ́sì sítóò yín ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, ó lè dé lọ́hùn-ún ní àmì ìbéèrè, ó tiẹ̀ lè má kọjá rárá. Ẹ kọ ọ́ ní OYE-EKITI lásán nínú EDI, ẹ jẹ́ kí ti ara ògiri ní àmì. Bákan náà ni àmì kékeré (') tó wà láàárín l àti É nínú l'Ékìtì, torí àmì yẹn ló ń parí ìlà nínú EDIFACT, ẹ wò ó nínú ọ́dà òkè yẹn.

Lẹ́yìn ìdánwò, ẹ máa lo pépà àti EDI pọ̀ fún oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, kí ẹ máa fi wọ́n wéra, lẹ́yìn náà kí ẹ dá pépà dúró. Mo tún un sọ, kí ẹ dá a dúró. Ilé iṣẹ́ tó bá ń ṣe méjèèjì títí, iṣẹ́ ìlọ́po méjì ló fún ara rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ á sì máa gbàgbọ́ pépà nìkan.

Àwọn tí kò ní kọ̀ǹpútà ńkọ́?

Ẹni tó ń ta bẹ́árìn l'Ádó, màmá tó ń kó ẹ̀gẹ́ jọ láti oko wá, wọn ò ní ra AS2, kò sì yẹ kí ẹ ní kí wọ́n rà á. Ẹ ṣe fọ́ọ̀mù kan tó ń ṣí lórí fóònù. Ọ́dà á dé sórí fóònù wọn, wọ́n á tẹ "mo gbà" tàbí wọ́n á kọ iye tí wọ́n ní, nígbà tí ọjà bá sì dé, ìwé ìwọ̀n láti géètì á di ínfọ́ìsì fúnra rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiyín EDI ni, lọ́dọ̀ tiwọn bọ́tìnnì méjì ni. Ẹ jẹ́ kí èdè Yorùbá wà lórí fọ́ọ̀mù yẹn, kí ọmọ sítóò sì lọ jókòó tì wọ́n nígbà àkọ́kọ́, kó má kàn fi líńkì ránṣẹ́ kó ní "Mà, ẹ tẹ ibẹ̀ yẹn". Ẹni tí kò bá fẹ́ fóònù rárá, ẹ pè é, kí ọmọ ọ́fíìsì yín bá a tẹ èsì rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù kan náà, kí gbogbo rẹ̀ lè wà níbì kan.

Tí ti sọ́pláyà àkọ́kọ́ bá ti ń lọ, ẹ máa wo nǹkan méjì lóṣooṣù: ọ́dà mélòó ni ẹnì kan ní láti fọwọ́ tún ṣe, àti ọ́dà mélòó ni èsì rẹ̀ pẹ́ ju wákàtí tó wà nínú àdéhùn lọ. Ẹ má fa sọ́pláyà kejì wọlé títí tí ti àkọ́kọ́ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa lọ láìsí ọwọ́ èèyàn níbẹ̀. Ní tèmi, oní-dísẹ́ẹ̀lì ni kí ẹ mú ṣe èkejì: ọjà kan ṣoṣo, òṣùwọ̀n kan ṣoṣo, owó rẹ̀ sì ń yí padà tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ máa fi mọ̀ bóyá ORDRSP yín ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́.